Bàbá Tí Kì í Gba Ìdọ̀bálẹ̀

Gbogbo Yorùbá tó wà ní Peckham ló mọ̀ pé Bàbá Ṣàmsúdéènì Ọláoyè kì í gba ìdọ̀bálẹ̀. Bí ọmọkùnrin kan bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ti dì í mú léjìká kó tó tẹ̀ ba. "Dúró. Bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ti tó." Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwọn mìíràn ní òyìnbó ti ba Bàbá jẹ́, ṣebí ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí wọ́n ti wà nílùú ọba. Èmi Àsúmáù, tí ilẹ̀kùn mi kọjú sí tiwọn láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, ohun tí mo máa ń sọ ni pé ẹnu wọn ò dùn, ọwọ́ wọn ló dáa. Ẹni tó bá ń wá àgbàlagbà tí yóò gbé ọwọ́ lé e lórí, tí yóò súre fún un títí ẹsẹ̀ á fi kú, kó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Deptford. Bàbá tiwa á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á ní kó máa lọ sílé.

Ènìyàn gíga, tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n. Akọ̀wé ni wọ́n jẹ́ nílé iṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ ra iṣu ní Rye Lane, kóòtù àti táì ni, àfi bí ẹni ń lọ sí kóòtù ẹjọ́. Ìyàwó wọn ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Rahmah, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ọkọ òun náà sì kú nígbà tí ọmọ wọn Nusaybah ṣì kéré. Nígbà tí Rahmah bá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, Bàbá ló ń wẹ Nusaybah, àwọn ló ń mú un lọ sílé ìwé, àwọn náà ló ń di irun fún un. Irun ọ̀hún ò ṣe é wò. Àwa obìnrin ilé a máa bò ó mọ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ kí Bàbá gbọ́, nítorí a mọ̀ pé ọmọ náà ni ẹ̀mí wọn.

Nusaybah wá di obìnrin, ó mú Nasir wálé. Ọmọ Alhaji Oyèníran ti Forest Hill ni Nasir, ọmọ tó níwà, tó ń kírun, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń wọ́ lẹ́sẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í tijú láti sọ ọ́. A dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sílé Rahmah. A ò pe èrò. Àwa díẹ̀ tí a jẹ́ ti ìyàwó jókòó lápá kan, àwọn díẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ti ọkọ jókòó lápá kejì, Bàbá sì wà láàárín lórí àga ńlá.

Wọ́n ní kí Nasir wá dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ dáadáa, pé àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, kì í ṣe kéèyàn tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó bọ́. Ọmọ náà na gbalaja níwájú Bàbá, ojú rẹ̀ kan rọ́ọ̀gì. A ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dìde," ni Bàbá wí.

Nasir ò dìde. Wọ́n ti sọ fún un pé àwọn àna lè fi í ṣeré, pé kó má yára dìde. Ló bá tún fún ara mọ́lẹ̀. Bàbá lọgun: "Mo ní kó o dìde kúrò nílẹ̀! Ṣé o ò gbọ́ ni?" Wọ́n ti àga sẹ́yìn, wọ́n gba kíṣìnì jáde, wọ́n sì gba ilé wọn lọ.

Ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Bí àna bá kọ ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ ìyàwó, ó ti kọ ọkọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Alhaji obìnrin dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní, "A ti gbọ́. Wọn ò fẹ́ ọmọ wa." Àpẹ̀rẹ̀ èso tí wọ́n gbé wá, wọ́n gbé e padà sínú bùútù ọkọ̀ wọn. Ojú tì mí débi pé mo mú ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Kò pẹ́ tí Alhaji Oyèníran fi pe Rahmah lórí fóònù. Kò pariwo, èyí tó burú ju ariwo lọ. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n àfi kí Bàbá gba ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí yìgì tí ẹnikẹ́ni máa so. Òun ò ní fa ọmọ òun lọ sílé tí wọ́n ti lé e bí ajá.

Nusaybah wá bá mi ní kíṣìnì mi, ó jókòó, kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo gbé síwájú rẹ̀. "Aunty, Nasir ní òun ò lè go behind his dad. And I don't even blame him, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. But Grandpa ò pick up my calls. Mo knock, wọn ò open. Kí ni mo ṣe fún wọn?" Mo ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Inú bí mi sí Bàbá lọ́jọ́ náà ju bí inú ti ń bí mi sí ọkọ mi nígbà ayé rẹ̀ lọ.

Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún èmi, bóyá torí wọ́n mọ̀ pé mi ò ní kúrò níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti tó gẹ́ẹ́. Ọmọ tí ẹ fọwọ́ ara yín wẹ̀ ni ẹ fẹ́ sọ di ẹni tí wọ́n kọ̀ lójú àwùjọ. Bí ẹ ò bá fẹ́ Nasir, ẹ sọ ohun tó ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ sọ ohun tó ṣe yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Wọ́n kọjú sí fèrèsé. Wọ́n ní, "Pe Alhaji fún mi. Ní kó mú ọmọ rẹ̀ wá. Kí Rahmah àti Nusaybah náà wà níbẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsàárì, gbogbo wa pé sí yàrá ìgbàlejò Bàbá. Òjò ń rọ̀. Alhaji Oyèníran jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ tètè máa lọ. Nasir dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò mọ bóun ṣe máa kí Bàbá, ó kàn ń fọwọ́ ra ọwọ́. Bàbá ní kó jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

"Ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, Amẹ́ríkà ni mo wà, ní Georgia. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn aláwọ̀ dúdú ni mo lọ. Nígbà yẹn, dúdú ò gbọdọ̀ jókòó pẹ̀lú funfun nílé oúnjẹ, dúdú ò gbọdọ̀ bá funfun kàwé. Ọsibítù wọn yàtọ̀, ibi ìsìnkú wọn yàtọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Bọ́ọ̀lù wọn náà yàtọ̀."

A ò mọ̀ pé Bàbá gbá bọ́ọ̀lù rí. Rahmah ọmọ wọn wo ojú mi, mo wo ojú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sọ kì í ṣe irú èyí tí à ń gbá níhìn-ín. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọ́n á sì máa forí sọ ara wọn bí àgbò. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó fẹsẹ̀ gbá a kọjá láàárín òpó méjì. Ọ̀gá ẹgbẹ́, tí wọ́n ń pè ní Kóòṣì, rí Ṣàmsúdéènì níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ lásán ta bọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Ìsẹ́yìn, ló bá ní kó wá di tiwọn.

"Aṣọ tí à ń wọ̀, ara àwọn ọmọ ilé ìwé òyìnbó ló ti gbó kí wọ́n tó kó o fún wa. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà lára tèmi, kò fọ̀ kúrò. Orí ilẹ̀ olókùúta la ti ń ṣeré. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, kò sí ẹgbẹ́ tó lè dúró níwájú wa. Ìlú tí a bá dé, a ń nà wọ́n ni. Yunifásítì àwọn òyìnbó wà lódìkejì ìlú wa, pápá tiwọn ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kóòṣì kọ̀wé sí wọn pé kí a bá ara wa ta á. Wọn ò tilẹ̀ fèsì. Wọ́n ní àwọn ló dáa jù. A ò lè sọ pé irọ́ ni, nítorí wọn ò jẹ́ kí a gbìyànjú."

Ọ̀rẹ́ wọn nínú ẹgbẹ́ ni Lucius Tate, tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan. Òun ló yára jù nínú gbogbo wọn, òun náà ló sì mọ ẹ̀fẹ̀ jù. Bí bọ́ọ̀sì wọn bá ń lọ síbi eré, ebi á máa pa wọ́n lójú ọ̀nà, kò sì sí ilé oúnjẹ tó máa tà fún wọn. Lucius ló ronú kan agbádá. Agbádá tí bàbá Ṣàmsúdéènì fi ránṣẹ́ sí i fún ayẹyẹ òmìnira, Lucius ní kó wọ̀ ọ́, kó dé fìlà, kó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, kó ní ọmọ ọba láti ilẹ̀ Áfíríkà lòun. Ó wọlé. Àwọn òyìnbó sì tà fún un, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn a tiẹ̀ máa pè é ní sà. Àwọn tó kù á ba mọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kí ẹnikẹ́ni má rí wọn.

"Èmi ni mo dúdú jù nínú wọn," Bàbá wí. "Èmi ni wọ́n ń tà fún. Ilẹ̀ bàbá àwọn yòókù nìyẹn o, àwọn ni wọn ò gbọdọ̀ wọlé. A máa ń fi ṣe ẹ̀rín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a máa ń rẹ́rìn-ín."

Alhaji Oyèníran ti fẹ̀yìn ti àga. Bàbá mu omi díẹ̀, wọ́n tẹ̀ síwájú.

Kóòṣì tó bàbá Ṣàmsúdéènì lọ́jọ́ orí, nítorí náà àràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Kóòṣì rò pé ọmọ náà ṣubú ni, ó sáré wá gbé e. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára. Ibi yòówù kí Ṣàmsúdéènì ti rí i, yálà ní pápá ni o, ní kíláàsì ni o, àyà á kan ilẹ̀. Ara rẹ̀ ń ṣe é fúnra rẹ̀, kò dúró ronú. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa.

Ìdíje tó kẹ́yìn, ìlú tó jìnnà ni wọ́n ti ta á. Wọ́n borí, ẹsẹ̀ Bàbá ló sì gbá èyí tó ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi orí gbá Lucius níkùn. Ó rìn kúrò lórí pápá, ó ní kò sí nǹkan. Nígbà tí bọ́ọ̀sì rìn díẹ̀, ikùn rẹ̀ le bí pákó, ètè rẹ̀ funfun. Ọsibítù àwọn dúdú ṣì jìnnà gan-an. Ọsibítù kan wà létí títì níbẹ̀, tí iná rẹ̀ ń tàn, ti àwọn òyìnbó ni.

"Lucius ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ wọ agbádá yẹn fún mi.’ Ó ṣì ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Mo wọ̀ ọ́ fún un, mo dé e ní fìlà, mo ní kó má sọ̀rọ̀ rárá, torí ohùn rẹ̀ á tú wa fó. Mo gbé e gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ ọba wa ni, àlejò ìjọba, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà wá, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó ní nǹkan ti bẹ́ nínú, pé kí wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́ abẹ kíákíá. Wọ́n ti ń tì í lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ti ń tì í lọ."

Kóòṣì ò lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì kó máa wòye. Ó gba ẹ̀yìn wọlé. Ó rí ìgbálẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà, ó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ bọ̀, torí ó mọ̀ pé kò sí òyìnbó tó ń wo ojú dúdú tó bá mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Kò sí ẹni tó bi í léèrè nǹkan kan. Ó gbálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ó kàn fẹ́ rí Lucius lójú ni.

"Mo yíjú, mo rí Kóòṣì," Bàbá wí. "Mo dọ̀bálẹ̀."

Nasir fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti yé e kó tó yé èmi.

"Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, àyà mi ti kan ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí ló dé tí èèyàn ọba ń dọ̀bálẹ̀ fún agbálẹ̀. Dókítà wo Kóòṣì, ó ní òun mọ gbogbo agbálẹ̀ ibẹ̀, òun ò mọ èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Lucius, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé níbo ló ń dùn ún. Ọmọ náà wà nínú ìrora. Ó dá a lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì Georgia. Dókítà yọwọ́ lára rẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan iná."

Dókítà ní kí wọ́n gbé e jáde. Kóòṣì ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá ò mọ ẹ̀bẹ̀ mìíràn ju èyí tí wọ́n kọ́ wọn nílé lọ. Wọ́n tún dọ̀bálẹ̀, wọ́n na gbalaja sójú ọ̀nà dókítà, wọ́n fojú kan símẹ́ńtì.

"Nílé wa, bí o bá jí nǹkan, bí o bá lu ọmọ olómọ, bí o bá ti dọ̀bálẹ̀ pẹ́ tó, ẹnì kan á ní kó o dìde ná. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn. Mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbé ìkejì, ó rékọjá lórí mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò yára. Lucius kú nínú bọ́ọ̀sì kí a tó dé ibi tí wọ́n ti lè gbà á. Agbádá mi ni a fi bo ojú rẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ kan ló tú wa fó, ìkejì ò rà á padà. Ẹ̀kọ́ ilé mi ló pa á."

"Daddy, ẹ̀yin kọ́," Rahmah wí. Ó ti ń sunkún.

"Mo mọ ẹni tó pa á, Rahmah. Orí mi mọ̀ ọ́n. Ara mi ni kò gbà."

Alhaji Oyèníran sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. "Bàbá, ẹ foríjì mí. Kó má dọ̀bálẹ̀ mọ́. Kó bọ̀ yín lọ́wọ́, ó ti parí."

"Grandpa, mi ò fẹ́ ṣe é," Nasir wí. "Honestly. Mi ò ṣe é mọ́."

"Wàá ṣe é," Bàbá dá a lóhùn. "Bí o ò bá ṣe é, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ á ní ilé tí wọn ò ti gba ọkọ ni wọ́n ti fẹ́ ìyàwó rẹ. Èmi á ti kú, wọ́n á ṣì máa sọ ọ́ sí Nusaybah létí. Mi ò ní gbé ẹrù tèmi kà á lórí. Wá."

Nasir wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ mi orí. Ó bọ́ síwájú, ó sì dọ̀bálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń sọ nǹkan tó lè fọ́ kalẹ̀. Bí orí rẹ̀ ṣe ń bọ̀ nílẹ̀ ni mo rí ohun tí Bàbá ṣe. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn méjèèjì kúrò lórí rọ́ọ̀gì. Arúgbó tí orúnkún ń dùn, tí kì í lè gun àtẹ̀gùn láìsinmi, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè sórí àga bí ọmọ kékeré, wọ́n fi ọwọ́ dì wọ́n mú kí wọ́n má bàa bọ́ sílẹ̀ nítòsí orí ọmọ náà. Itan wọn ń gbọ̀n. Ọkàn mi bàjẹ́ ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

"Ó tó, Nasir, dìde," Alhaji wí. Òun tó ní àfi dandan ni kò lè wò ó mọ́.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Bàbá wí. "Mi ò tíì ṣe àdúrà fún un." A mọ àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe nírú ibẹ̀, ti ọmọ, ti ọlà, ti ẹ̀mí gígùn. Bàbá ò ṣe ìkankan níbẹ̀.

"Nasir," wọ́n wí, "níbikíbi tí o bá na ara rẹ sí láyé, ẹnikẹ́ni kò ní rékọjá lórí rẹ."

Alhaji Oyèníran ló kọ́kọ́ ṣe àmín. A ń retí kí Bàbá ní kí ọmọ náà dìde. Wọn ò sọ ọ́. Ojú wọn wà lára ẹni tó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Nasir ni wọ́n ń wò, ọmọ tó na gbalaja lórí símẹ́ńtì lọ́jọ́sí ni. Nígbà tó pẹ́ jù, Nusaybah lọ bẹ̀rẹ̀, ó mú ọkọ rẹ̀ lápá, ó gbé e dìde.